Sísí Alárán Gba Oríkì Lójú Mi

Ọjọ́ tí Màmá Àgbà sọ ajá wa lórúkọ kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Ọjọ́ Sátidé ni. Wọ́n wá kí wa ní Lẹ́kkí láti Ajah. Bí wọ́n ṣe wọlé, abo ajá dúdú tí Dádì ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sáré lọ nà gbalaja síwájú wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó rán àwọn létí òṣèré kan nígbà èwe àwọn, tó máa ń wọ aṣọ àrán àti bàtà gogoro.

"Sísí Alárán lorúkọ ẹ." Ni wọ́n bá ń kì í: "Sísí Alárán, adúmáadán, eléyinjú ẹgẹ́."

Mo jowú ajá náà débi pé bísíkíìtì ẹnu mi kò lọ. Kò sẹ́ni tó kì mí bẹ́ẹ̀ rí.

"Màmá, èmi ọmọ yín ńkọ́?"

Wọ́n wò mí. "Sísí dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ìwọ, orí àga lo ti juwọ́ sí mi."

Mo kúnlẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí. "Àṣàkẹ́ mi."

Láti ọjọ́ náà, bí Màmá bá ti dé géètì, èmi àti Sísí la jọ ń sáré. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀.