Táyà Tú Àṣírí Wa

Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilé ìyá mi wà ní Iléṣà. Bí mo bá ti Òṣogbo dé, tí mo dórí òkè, mo máa ń yọ ọkọ̀ kúrò ní jíà kí n lè ṣọ́ epo ná. Ariwo ẹ́ńjìnnì á lọ sílẹ̀, á wá ku ìró táyà lórí ọ̀dà: ṣììì, títí dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá mi á gbọ́ ọ láti ìdí ààrò, á sì gbé iṣu iyán kaná.

Iyán yìí náà ló dájà sílẹ̀. Àbúrò ìyá mi obìnrin, tó ń gbé Ọ̀tan-Ilé, ló sọ níwájú àlejò pé iyán ẹ̀gbọ́n òun ní kókó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, èyí ju èébú lọ. Ìyá mi ní kò gbọdọ̀ tẹ ilé òun mọ́. Ọdún yípo, wọn ò ríra.

Mo ní bí ojú bá lè kojú, ọ̀rọ̀ á parí. Ni mo bá lọ gbé àǹtí mi ní Ọ̀tan-Ilé. Obìnrin náà sanra dáadáa, ó tún fi iṣu kún búùtù. A ṣàdéhùn pé kó ká ara rẹ̀ kò lẹ́yìn ọkọ̀ títí n ó fi tu ìyá mi lójú.

Mo dórí òkè, mo yọ jíà. Háà! Táyà ò sọ pé ṣììì mọ́. Ó ń kùn bí odò tó kún.

Kí n tó dúró, ìyá mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lo gbé?"

"Ẹ kúulé, Màámi. Iṣu ni."

"Iṣu nìkan? Ẹni tó ru igi, à á gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó dé. Tó o bá dá wá, táyà rẹ a máa kọrin ni. Tòní ń kérora."

"Iṣu náà ló pọ̀, mà."

"Ó dáa. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ká rí i."

Àǹtí mi bá bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọkọ̀.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Iṣu Ọ̀tan-Ilé ti ń rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹnu mi ló ṣìsọ."

Ìyá mi ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Bọ́ sílẹ̀, kó o má ba táyà ọmọ mi jẹ́. Odó wà lẹ́yìnkùlé. Ìwọ lo máa gún iyán lónìí."

Ó gún un. Kókó wà níbẹ̀. Mo rí ìyá mi tó dúró lórí òkèlè kan, tó yí i lẹ́nu, tó wo àbúrò rẹ̀, tó sì gbé e mì.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, mo ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, mo ń dúró de àǹtí mi.

"Ta lò ń dúró dè?" ni ìyá mi wí. "Máa lọ jàre. Jẹ́ kí táyà yẹn sinmi."