Ìyá Mi Tó Bá Dèjì Tọ́jú Ajá Ọdẹ

Ìyá mi, ohùn wo ni kí n fi pè yín tí ẹ ó fi dá mi lóhùn? Ẹ lọ, ilé pa lọ́lọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ yín wà lẹ́bàá fèrèsé níbi tí ẹ fi í sí, aṣọ funfun tí ẹ gé sílẹ̀ fún ará ìjọ kan ṣì wà lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè rán an parí bí ẹ ṣe ń rán an. Abiyamọ tòótọ́, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í ṣe àṣehàn lójú ayé, ọ̀gá nínú àwọn tó ń rán sùtánà ní gbogbo agbègbè Ajah, èmi Fọláṣadé ọmọ yín ló ń kí yín pé ó dìgbà kan ná.

Àwọn ẹlòmíràn yóò sọ̀rọ̀ nípa àdúrà yín àti ọ̀yàyà yín. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ajá, nítorí òun ni a jọ gbé ní ìgbà ìkẹyìn ayé yín. Bí mo bá fò ó, n kò tíì sọ òtítọ́ nípa yín.

Dèjì àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kkí Free Zone nígbà tí òyìnbó ẹnjiníà kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ fi ajá sílẹ̀ fún un. Póíńtà ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, ajá tí àwọn òyìnbó fi ń dọdẹ ẹyẹ: ẹsẹ̀ gígùn, ara búráùn tó ní tótòtó funfun. Kò pẹ́ tí Dèjì fi rí físà Kánádà gbà. Ó gbé ajá náà wá sílé wa ní Ṣàngótẹ̀dó, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ bá mi tọ́jú Speed. Bí mo bá ti fìdí múlẹ̀, màá ránṣẹ́ wá mú un.” Láti kékeré ni ẹ ti ń bẹ̀rù ajá. Ẹ wo ẹranko náà, ẹ wo ojú ọmọ yín, ẹ ní, “Mú un wọlé kí oòrùn má pa á.”

Kì í ṣe irú ajá tó ń sùn sẹ́nu ọ̀nà. Bí kò bá sáré títí ó fi rẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ilé kò ní rójú. Ó fa fóòmù àga yọ, ó hú ewúro tí ẹ gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó já sùtánà tí ẹ fọ̀ lórí okùn, ó sì fi yí ẹrẹ̀. “Má sáré, má sáré,” ni ẹ ń pariwo mọ́ ọn láti àárọ̀ dalẹ́, títí àwọn ọmọ èsítéètì fi gbà pé orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fẹjọ́ sun Dèjì lórí fóònù. Ó ní, “Màmá, kò ya pòkíì. Ebi eré sísá ló ń pa á.”

Ìgbà náà ni ẹ ra bàtà kánfáàsì. Láàárọ̀ kùtù, ẹ ó wé gèlè pẹ́ńpẹ́, ẹ ó sì mú un jáde. Ní Sátidé, èmi ni mò ń wa ẹ̀yin méjèèjì lọ sí Eleko, kó lè sáré létí òkun níbi tí àwọn apẹja ti ń fa ọkọ̀ wọn gòkè. “Ìyá Alájá” ni wọ́n fi ń kí yín. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń wá eégbọn nínú etí rẹ̀, ẹ kọ́ bí a ṣe ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá àfọ́kù ìgò wọ̀ ọ́. Dókítà tó ń tọ́jú ìtọ̀ ṣúgà yín ní ṣúgà náà ti ń wálẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ẹ fẹ́ jẹ́rìí nínú ìjọ, ṣùgbọ́n báwo ni ẹ ó ṣe sọ pé ajá ló ṣe é?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, lékeléke bà sórí ilẹ̀ tí wọ́n da yanrìn sí lẹ́yìn èsítéètì wa. Ajá náà rí wọn, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ó dúró gbọn-in bí irú rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Ẹ ti wé okùn rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ yín kó má bàa bọ́. Ọ̀kadà kan dún gbàmù, ẹyẹ fò, ajá náà bẹ́ síwájú. Ó fà yín ṣubú lu etí gọ́tà, okùn já, egungun ìbàdí yín sì ṣẹ́. Kò dúró tì yín, ó lé ẹyẹ wọ àbàtà lọ. Obìnrin kan tó ń kiri búrẹ́dì ló rí yín nílẹ̀.

Nígbà tí mo sáré dé, ohun tí ẹ kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ajá ńkọ́?” Inú bí mi, mo yíjú sí ọ̀nà láti wá ọkọ̀ tí yóò gbé yín dé ọsibítù. Ó padà wálé lọ́sàn-án pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, ó ń ju ìrù, ó ń wá oúnjẹ. Mo fún un jẹ, n kò wo ojú rẹ̀.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, ṣùgbọ́n ṣúgà kò jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ náà jiná. Bàbá Ẹ̀pẹ́, àbúrò yín, wá kí yín lórí ibùsùn nílé, wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kí n mú ẹranko yìí kúrò ńbí. Òun ló dá yín dùbúlẹ̀.” Ẹ ní, “Kò tì mí. Ẹyẹ ló rí. Ohun tí wọ́n dá a fún nìyẹn. Ọmọ mi ló fi í sí ìkáwọ́ mi, kò sì tíì wá gbà á.”

Bí èmi ṣe di ẹni tó ń bá ajá sáré kí n tó lọ síbi iṣẹ́ nìyẹn. Bí mo bá dé pẹ̀lú òógùn, ẹ ó ní kí n jókòó. “Ibo lẹ dé? Ṣé omi ti fà lójú ọ̀nà? Ṣé ó rí ẹyẹ?” Tìbínú-tìbínú ni mo fi ń dáhùn ní ṣókí. Nígbà tó yá, mo rí i pé ẹ̀yin náà ń rìn nínú ọ̀rọ̀ mi, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀nà dáadáa kí n lè rí nǹkan sọ. Ajá náà á gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ó sì máa wá eégbọn nínú etí rẹ̀.

Ọgbẹ́ náà ló gbé yín padà sí ọsibítù, ẹ kò sì bọ̀ mọ́. Ìwé Dèjì ní Kánádà kò tíì pé, kò lè wá sin yín. Ó pè mí, ó ní, “Àǹtí Ṣadé, ṣé ajá mi ló pa Màmá?” Mo ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí kì í bá ṣe ti okùn yẹn, ẹ ì bá ṣì máa ránṣọ. Mo sì mọ̀ pé bí kì í bá ṣe ti ajá yẹn, ó ṣeé ṣe kí ṣúgà ti dá yín dùbúlẹ̀ ṣáájú. Méjèèjì wà nínú mi, wọn kò bára wọn rẹ́. Mo gbọ́ tí Dèjì ń fa imú lórí fóònù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Ẹ̀pẹ́ gbé mọ́tò wá. Wọ́n ti rí ẹnì kan tó fẹ́ gba ajá náà sí oko rẹ̀, èmi náà sì ti gbà. Mo ṣílẹ̀kùn mọ́tò. Ajá náà fò wọlé fúnra rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn, ó rò pé Eleko là ń lọ. Ó jókòó ṣáńṣán, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé, ó ń retí kí ẹ jáde wá. Ọkàn mi bà jẹ́. Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Kò ní lọ mọ́.”

Wọ́n di ilẹ̀kùn mọ́tò mú, wọ́n ní, “Ṣé o fẹ́ràn ohun tó pa ìyá rẹ ni?”

“N kò mọ̀ bóyá mo fẹ́ràn rẹ̀, Bàbá. Mo kàn mọ̀ pé á fẹ́ sáré láàárọ̀ ọ̀la.”

Wọn kò mu omi tí mo gbé fún wọn. N kò mọ̀ bóyá wọn yóò dá mi lóhùn bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn níbi ìsìnkú yín. N kò tíì dárí ji ajá náà tán. Mo kàn ń bá a jáde ni, láràárọ̀, n kò sì rí ẹni tí yóò bi mí ní ibi tí a dé.

Ẹ ti ṣe iṣẹ́ ìyá kọjá ọmọ bíbí. Ẹ sùn re o, Ìyá mi, níbi tí egungun kì í ti í ro ni.