Ọ̀dà Tuntun Lára Ọkọ̀ Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ bí a ti ń ru omi odò láìdà á sílẹ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà ní abúlé wa lọ́nà Erunmu, bàbá mi ló sì ni ín. Ọkọ̀ funfun ni, ó gùn lẹ́yìn, ó sì ti gbó. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn obìnrin ló ń kún inú rẹ̀ pẹ̀lú gàrí àti epo. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo lábúlé kì í mọ sí ti ọjà. Bí aboyún bá ń rọbí, òun ni. Bí àìsàn bá dá ẹnìkan gúnlẹ̀, òun náà ni yóò gbé e lọ sí ọsibítù n'Ìbàdàn. Bí Ọlọ́run kò bá sì jẹ́ kí onítọ̀hún padà láàyè, ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí kan náà ni wọn yóò tẹ́ ẹ sí gbé e wálé.

Lọ́dún kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan já láti orí ọ̀pẹ. Òun nìkan ni ìyá arúgbó tó ń gbé ẹ̀yìn mọ́sáláṣí bí. Bàbá mi sáré gbé e lọ, ṣùgbọ́n òkú rẹ̀ ló gbé dé ní ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ náà ti gbé òkú méjì mìíràn wálé láàárín ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, ni àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọkọ̀ òkú ni, pé funfun rẹ̀ yẹn, funfun aṣọ òkú ni. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, àwọn obìnrin gbẹ́rù karí, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí Erunmu. Bàbá mi wa ọkọ̀ òfìfo kọjá lára wọn. Nígbà tó dé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ó pinnu láti kun ọkọ̀ náà ní búlúù. Iwájú ilé wa níbẹ̀ ló ti fi pépà oníyanrìn ha á, tó sì fi pọ́ǹpù tí a fi ń fọ́n oògùn ẹ̀fọn fọ́n ọ̀dà sí i, láàárọ̀ kùtù, ìrì ò tíì gbẹ. Kí oòrùn tó mú, ọ̀dà ti ń ṣàn sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn, ó sì ń wú lékè níbòmíràn bí ojú ibi tí iná jó. Èyí tó burú jù wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń gbé òkú gbà wọlé. Ọ̀dà kọ̀ láti dúró níbẹ̀. Ńṣe ló ń sá sẹ́yìn, tó ń fi àwọn ojú funfun róbótó-róbótó sílẹ̀.

Aládùúgbò wa kan ń kọjá, ó dúró, ó ní, “Àwọn tí ẹ gbé ló ń wò yín yẹn o.”

Bàbá mi gbé pọ́ǹpù sílẹ̀.

Ìyá mi ló jáde wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka nu ọ̀kan nínú àwọn ojú náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, epo pupa ni. Ibí yìí ni mo ń gbé kẹ́ẹ̀gì mi gbà wọlé lọ́jọ́ ọjà. Mo máa ń nù ún, àṣé kì í tán. Kì í ṣe òkú kankan.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n ha gbogbo ọ̀dà náà kúrò, wọ́n fi ọṣẹ fọ ọkọ̀, wọ́n fi bẹntiróòlù nù ún. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá mi dúró kí oòrùn yọ dáadáa kí gbogbo ara ọkọ̀ gbẹ, ó ń fọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń jẹ́ kó gbẹ kó tó tún fọ́n òmíràn lé e. Kò dán bíi dígí, ṣùgbọ́n kò sí ojú kankan lára rẹ̀ mọ́.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni ò wọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin dúró lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú ẹrù wọn, wọ́n ń wò. Ìgbà náà ni ìyá arúgbó náà yọ, ó ń tẹ ọ̀pá bọ̀. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ kí i.

Ó bi í pé, “Níbo lo tẹ́ ọmọ mi sí?”

Bàbá mi ò lè parọ́. Ó ní, “Ẹ̀yìn níbẹ̀ ni, ìyá. Aṣọ ọrùn mi ni mo fi ṣe ìrọ̀rí fún un.”

“Ibẹ̀ ni n ó jókòó sí.” Ó yíjú sí àwọn obìnrin náà, ó ní, “Bí kì í bá ṣe ọkọ̀ yìí, ta ni ì bá gbé ọmọ mi wálé fún mi? Ṣé ẹ̀yin ni ì bá fi orí rù ú láti Ìbàdàn?”

Bàbá mi gbé ìyá náà wọ ọkọ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Obìnrin aboyún kan ló kọ́kọ́ gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé e, àwọn tó kù sì wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi wà lórí itan ìyá mi níwájú. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé ìyá náà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ ọkọ̀, kò sì gbé e kúrò títí a fi dé ọjà.

Lónìí, ọkọ̀ pọ̀ lábúlé wa, ọ̀kadà ò sì lóǹkà. Àwọn tó ń kun ọkọ̀ wà káàkiri Ìyànà Ọ̀fà, ẹ̀rọ wọn ń pariwo, ọ̀dà wọn ń dán débi pé ẹ lè wojú yín nínú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá kú sí ọsibítù, wọ́n á fi fóònù pe ọkọ̀ tó ń fọn fèrè, á sì gbé e dé kíákíá. Ó dáa bẹ́ẹ̀, n kò bá ayé jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wa ọkọ̀ yẹn, bí ó bá ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, á yí ọkọ̀ padà, á máa lọ. Kò mọ ẹni tó gbé, kò sì sí ìyá kankan tó lè bi í léèrè ibi tó tẹ́ ọmọ òun sí.