Èsì Tí Mo Gba Ẹnu Ọmọlangidi Sọ

Òórùn sítáàṣì tó ti ń kan ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kíláàsì tó wà ní ìkángun ilé ìwé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ la ti ń ṣiṣẹ́ náà, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, tí oòrùn ọ̀sán sì ti mú páànù orí ilé tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń ta pàù. A rẹ ìwé ìròyìn àtijọ́ sómi, a gún un lódó, a wá fi sítáàṣì tí àwọn alágbàfọ̀ ń fi sí aṣọ pò ó, ó rí bí ẹ̀bà tó ti dúdú. Bí o bá wọ kíláàsì yẹn nígbà náà, oúnjẹ lè má wù ọ́ jẹ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n rẹ ẹ̀gẹ́ sí, inú mi á kọ́kọ́ dùn ná, kí n tó rántí pé kò sí ohun tó ń dùn mọ́ mi.

Lápá ìparí àwọn ọdún 1980 ni, nígbà tí sòbìà, aràn inú omi nì, ṣì ń yọ lẹ́sẹ̀ àwọn ará oko. Tíṣà ni mí, ọ̀dọ́mọbìnrin láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọmọ áàfáà. Ọ̀gá ilé ìwé wa fẹ́ eré kan tí yóò kọ́ àwọn ọmọ láti máa fi aṣọ sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún, wọ́n sì ní kí èmi àti ọkùnrin kan tó ń kọ́ kíláàsì kẹrin fi ọmọlangidi ṣe é. Ọkùnrin náà jù mí lọ díẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìjọ Aládùúrà lòun àti ìyá rẹ̀ tó ń ta ike ní Takie ń lọ. Àǹtí Ọ̀yọ́ ló ń pè mí. Èmi náà ń pè é ní Tíṣà, bí ẹni pé èmi kì í ṣe ọ̀kan.

Gílóòbù tó ti jó la fi ń ṣe orí àwọn ọmọlangidi náà. A ó lẹ ìwé gígún náà mọ́ ọn lára yípo, a ó sá a sóòrùn. Bó bá gbẹ tán, a ó rọra lù ú kí gílóòbù inú rẹ̀ fọ́, a ó da àfọ́kù rẹ̀ nù, orí á wá ṣófo, ìka á sì wọ inú rẹ̀. Èyí tí a kọ́kọ́ sá, ewúrẹ́ jẹ imú rẹ̀ lọ. Ó ku díẹ̀ kí n sunkún. Tíṣà ní ewúrẹ́ náà mọ ohun tó dùn. Àgékù aṣọ ọ̀dọ̀ télọ̀ la fi rán ẹ̀wù wọn, bọ́tìnnì ni ojú wọn, mo sì fi òwú dúdú di ṣùkú fún ìyàwó. Ọkọ jẹ́ àgbẹ̀ olóríkunkun tí kì í fẹ́ sẹ́ omi, ìyàwó ló ń bẹ̀ ẹ́. Tíṣà ń sọ̀rọ̀ fún ọkọ, èmi ń sọ̀rọ̀ fún ìyàwó. Jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà: mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Jẹ́jẹ́ ló máa ń ya bébà, bí ẹni tó ń bó iṣu gbígbóná fún ọmọdé, mo sì lè jókòó máa wò ó títí.

Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ọmọbìnrin kì í jẹ́ hẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọkùnrin á wá, wàá kọ̀; á tún wá, wàá dákẹ́; bó bá tún padà wá ni ohùn rẹ á tó là. Ìyá mi a máa sọ pé èyí tó bá tètè jẹ́ hẹn, ilé bàbá rẹ̀ ló ti sú u.

Lọ́sàn-án tó ṣáájú ọjọ́ eré, a ta ìró mi kan sáàárín àga méjì, a lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀, a gbọ́wọ́ sókè, a ń ṣe ìdánrawò. A dé ibi tí ìyàwó ti ń bu omi fún ọkọ. Ni ọmọlangidi Tíṣà bá yíjú sí tèmi, ó fi ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀.

“Àǹtí Ọ̀yọ́,” ló wí, “bí mo bá wá sílé yín, ṣé wọ́n á fún mi lága jókòó?”

Mo mọ̀ pé kì í ṣe eré mọ́. Mo mi orí ìyàwó náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, mo fi ohùn tín-ín-rín rẹ̀ dáhùn: “Nílé wa, a kì í fọmọ fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ lásán lọ ṣọ́ọ̀ṣì.”

Àpárá ni mo rò pé mo dá. Ta ni kì í fi àwọn Aládùúrà ṣẹ̀fẹ̀ nígbà náà, pẹ̀lú aṣọ funfun wọn àti ẹsẹ̀ tí kò mọ bàtà? Mo ti kọ̀ bó ṣe yẹ kí n kọ̀, ó kù kó tún bi mí. Ọmọlangidi rẹ̀ tẹrí ba díẹ̀. Ó ní, “Ó dáa,” ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ omi. Ojú àwa méjèèjì wà lókè, lára ọwọ́ wa.

Eré náà dùn, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín débi pé àwọn kan ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí a gba họ́lídè, mo lọ sí Ọ̀yọ́, mo sọ fún ìyá mi pé ẹnì kan lè wá béèrè mi, mo sì sọ irú ìjọ tó ń lọ. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà tọ bàbá mi lọ. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá mi kọ́kọ́ ka tẹ̀súbáà wọn tán.

“Bó bá wá,” wọ́n ní, “ẹ jẹ́ kó wọlé. Ká gbọ́ tẹnu rẹ̀.”

Wọn ò jẹ́ hẹn, wọn ò sì kọ̀. Fún áàfáà bíi tiwọn, ìyẹn kì í ṣe kékeré. Gbogbo họ́lídè náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti kágò lẹ́nu ọ̀nà, mo ti ń tún ìborùn mi dè. Àwọn tó wá gba àdúà ni, tàbí àwọn tó wá kí bàbá mi. Tíṣà ò wá. Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà, ọ̀gá sọ fún mi pé Tíṣà fúnra rẹ̀ ló tọrọ kí wọ́n gbé òun lọ sí apá Ṣakí, wọ́n sì ti gbé e lọ.

Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, kí n tó tún fojú kàn án, ní ibùdókọ̀ kan ní Takie. Ìyàwó rẹ̀ wà níwájú, ó pọn ọmọ, ó ń to ẹrù sẹ́yìn mọ́tò. A kí ara wa bí àwọn tó ti jọ ṣiṣẹ́ rí. Mo wá fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ náà, mo ní, “Tíṣà, ẹ ò wá mọ́.”

Ó kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Bó bá jẹ́ rárá lásán lẹ sọ, ǹ bá tún wá. Mo mọ̀ pé obìnrin máa ń kọ́kọ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n ‘nílé wa’ lẹ wí. Mo rò pé ẹ ti bá Bàbá sọ ọ́, tí wọn ò sì gbà.”

“Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo kọ̀,” ni mo fèsì.

Dẹ́rẹ́bà ti ń pe èrò. Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ ti dé ètè mi, pé kí wọ́n jẹ́ kó wọlé, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ yíjú sí mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní ẹ káàsán mà. Mo dá a lóhùn, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Tíṣà ò mọ̀ ọ́n títí di òní.

Ọkọ tí mo fẹ́ kò fìyà jẹ mí, mi ò sì ní purọ́ mọ́ ọn. Síbẹ̀ mo kábàámọ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin mi pé bí ọkàn wọn bá ti gba ènìyàn, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, kí wọ́n má ṣe fi ti ilé bo tiwọn mọ́lẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, mọ́mì, ta ló tún ń ṣe yàǹgà láyé ìsinsìnyí? Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń dùn mí jù, mi ò tíì sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀gbẹ́ mi níbẹ̀ ni Tíṣà lóṣòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, èjìká wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ká ní ó wo ojú mi dípò ọwọ́ mi, ì bá rí i pé mo ti gbà.