Ìdí Tí A Kò Fi Dá Rédíò Lóhùn ní Ìnísà

Lánàá, ọmọ-ọmọ mi kékeré jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi fóònù ìyá rẹ̀ ṣeré. Ohùn obìnrin kan jáde láti inú rẹ̀, ó bi í pé àwọ̀ wo ni ọsàn ní. Ọmọ náà lanu láti dáhùn, àfi bí ọwọ́ mi ṣe bò ó lẹ́nu. Ó wò mí bí ẹni pé mo ti ń ṣarán. Mo mú ọwọ́ kúrò, ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti lọ sí Ìnísà, sí ọdún tí mo wọ ilé ìwé.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni mò ń gbé. Wọn kì í na ọmọ, ṣùgbọ́n òfin kan wà tí wọn kì í fi ṣeré: bí ẹnì kan bá pè mí tàbí tó bi mí ní nǹkan, tí n kò sì rí i, n kò gbọdọ̀ dáhùn. Gbogbo agboolé ló ń kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ti Ìyá Àgbà nídìí. Àkànní, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, jẹ́ ìpè kan lẹ́yìnkùlé lọ́sàn-án gangan, kò rí ẹni tó pè é. Ibà gbé e lọ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Láti ìgbà náà, bí ènìyàn bá dúró sẹ́yìn ògiri kí Ìyá Àgbà, wọn kò ní dáhùn títí onítọ̀hún yóò fi yọjú.

Ọmọ Òkukù ni tíṣà wa, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa ń gùn wá láràárọ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà títí ìjọba fi fún kíláàsì wa ní rédíò, àpótí igi dídán kan tí bátìrì rẹ̀ tóbi ju orí mi lọ. Àwọn àgbà ń pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ṣùgbọ́n èsì ni tiwa ń wá kiri. Ní gbogbo ọjọ́rú, obìnrin kan á sọ ìtàn láti Ìbàdàn, á wá béèrè pé ta ló jí àgbàdo àgbẹ̀, á dákẹ́, á máa retí wa. Àwa náà á dákẹ́. Ìdáhùn á máa yún mi lẹ́nu, èmi á fún ètè pọ̀. Tíṣà rò pé ojú ló ń tì wá.

Nígbà tó yá, olùdámọ̀ràn kan dé láti Ìbàdàn, obìnrin onígíláàsì tó mọ̀ nípa bí a ṣe ń kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ lédè, tó sì ń tọ́ àwọn tíṣà sọ́nà lórí ètò rédíò. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa kékeré, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Rédíò béèrè lẹ́ẹ̀mẹta, a dákẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní ìtàn náà kò yé wa, àti pé ilé ìwé kan ní Ìkìrun, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń gbọ́ rédíò ní ṣọ́ọ̀bù, ni wọ́n máa gbé àpótí náà fún.  Tíṣà mú aṣọ, wọ́n ń nu àpótí tí kò ní eruku lára. Àánú wọn ṣe mí débi pé mo sunkún.

Olùdámọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́kún. Mo ní, "Ọ̀bọ ló jí àgbàdo, mà."

"O mọ̀ ọ́n! Kí ló dé tí o kò sọ?"

"A ò rí wọn ni, mà. Ìyá Àgbà ní ká má dá ẹni tí a ò rí lóhùn."

Tíṣà fọwọ́ gbá iwájú orí wọn. Bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn náà nílé nìyẹn, kọ́lẹ́ẹ̀jì ló mú wọn gbàgbé. Olùdámọ̀ràn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sílé, wọ́n sì kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà títí wọ́n fi gbọ́ ọ̀rọ̀ Àkànní tán. Wọ́n wá ṣàlàyé pé ènìyàn gidi ló ń sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn. Ìyá Àgbà ní, "Mú un wá, kí n rí i."

Àṣé wọ́n máa mú un wá lóòótọ́. Láàárín oṣù kan, mọ́tò dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, obìnrin kúkúrú kan tó ní èjí sọ̀ kalẹ̀. Ó kí wa, gbogbo wa mọ ohùn náà. Ìyá Àgbà, tí tíṣà ti ránṣẹ́ pè, yí i po, wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó kanlẹ̀, wọ́n di àgbọ̀n rẹ̀ mú, wọ́n wò ó lójú pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí wa.

"Mo ti rí i. Ẹ máa dá a lóhùn."

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e, igbe "Ọ̀kẹ́rẹ́ ni!" tí a fi dáhùn lé àwọn ewúrẹ́ kúrò lábẹ́ fèrèsé. Ìyá Àgbà dúró síbẹ̀. Mo rí ẹnu wọn tó ń mì pẹ̀lú tiwa.

Àpótí náà kò sí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni tíṣà àti Ìyá Àgbà. Àwọn onímọ̀ ṣì wà, ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, wọ́n tilẹ̀ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n n kò rí èyí tó ń kúnlẹ̀ bi ìyá ọlọ́mọ ní nǹkan kó tó kọ́ ọmọ rẹ̀. Mo bi ọmọ-ọmọ mi pé ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ nínú fóònù yẹn. Ó ní, "Kò sí ẹnì kankan, Màmá." Mo sún mọ́ ọn sí i, mo ní kí ó jẹ́ kí èmi náà gbọ́. Ohùn náà tún béèrè. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ náà kọ́kọ́ gbójú sókè wò mí. Mo ti gbọ́ ohun tí ohùn náà ń bi í, mo sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀; mo mi orí sí i pé ó yá, ó sì dáhùn.