Orin Tí Raymond Gbé Lọ Síbi Òkú Àna Rẹ̀

Raymond ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò Akpakpa. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí rédíò bá kú, á ní ó kú. Bí kò bá kú, á ní kí ẹni tó ni ín padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọdún kejìlá ìjọba Révolution ni bàbá ìyàwó rẹ̀ kú, Bàbá Fernand, gbẹ́nàgbẹ́nà. Nílé wọn, ọkọ ọmọ gbọ́dọ̀ mú orin wá síbi òkú àna. Èyí tí kò bá mú un wá, ìyàwó rẹ̀ kò lẹ́nu láàárín ẹbí mọ́. Oyèníkẹ́, ìyàwó Raymond, ní ẹ̀gbọ́n obìnrin mẹ́ta. Ọkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mú tiwọn wá. Ó ku Raymond.

Ó ti bẹ àwọn onífèrè mẹ́jọ kan. Nígbà tí òkú ku ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ní ìjọba ti pe àwọn síbi ìwọ́de, àwọn kò lè kọ̀. Raymond wọ ṣọ́ọ̀bù, ó tilẹ̀kùn. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì kan tó fi gba ohùn sílẹ̀ níbi iṣẹ́ Bàbá Fernand lọ́jọ́ tó lọ dán rédíò kan wò níbẹ̀: ayùn, òòlù, ikọ́ bàbá. Ó fi abẹ gé okùn inú rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó tò ó, ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ayùn di ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, òòlù di ìlù. Ibi tí fèrè ìbá ti ké, ikọ́ ló fi síbẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó gbé rédíò ńlá kalẹ̀ lágbàlá àna. Àwọn èèyàn ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá àwọn onífèrè ń bọ̀. Bàbá Dúrótoyè, àbúrò olóògbé, tó di olórí ẹbí, bi í pé ẹni mélòó ni wọ́n. Ó ní òun nìkan ni.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ kan ní, "Rédíò lo gbé wá? Ta ló sọ fún ọ pé a fẹ́ gbọ́ ìròyìn?"

Raymond tẹ bọ́tìnnì. Ayùn bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan mì, òmíràn tẹ̀ lé e. Bí ikọ́ àkọ́kọ́ ṣe dún, opó tó jókòó lórí ẹní dáhùn kó tó ronú: "Mo ní kẹ́ ẹ mu omi." Agbo bú sẹ́rìn-ín, opó náà rẹ́rìn-ín, ni wọ́n bá dìde jó. Bàbá Dúrótoyè jó títí orin fi tán.

Ó jókòó, ó nu ojú, ó ń dájọ́.

"Orin ni, n kò ní purọ́. Ta ló fa ayùn yẹn?"

"Bàbá wa ni."

"Ta ló lu òòlù?"

"Bàbá wa náà ni."

"Ta ló wúkọ́?"

Raymond ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

"A jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ló ṣeré níbi òkú ara rẹ̀. Ó sì ṣe dáadáa. Àna wa, tìrẹ dà?"

Raymond ní òun ló gé e, òun ló lẹ̀ ẹ́. Bàbá Dúrótoyè ní aránṣọ pàápàá ń gé aṣọ, kì í sọ pé òun ló hun ún. Raymond ní kò sẹ́ni tó ń ró odidi ìgàn aṣọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan mi orí. Bàbá Dúrótoyè kò mi tirẹ̀.

Raymond wo Oyèníkẹ́. Oyèníkẹ́ ń wo ilẹ̀.

Ó bá bọ́ fìlà, ó la ẹnu, ó kọrin ìsìnkú ìjọ wọn. Kò kọrin lójú èèyàn rí. Ohùn náà ń lọ sókè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Ní ẹsẹ kejì, àwọn ewúrẹ́ kúrò lẹ́yìn ilé. Orin náà ní ẹsẹ mẹ́fà, ó sì mọ gbogbo rẹ̀.

Ní ẹsẹ kẹta, Bàbá Dúrótoyè na ọwọ́.

"Ó tó, àna wa. A ti gbà á, tìrẹ ni lóòótọ́. Jọ̀wọ́, dá ẹ̀gbọ́n mi padà sí i."

Oyèníkẹ́ fúnra rẹ̀ ló lọ tẹ bọ́tìnnì.