Ọkọ̀ Ìjókòó Méjì ní Ọjà-Ọ̀dàn

Òórùn pàkí tí wọ́n rẹ ló kọ́kọ́ pàdé mi nínú agbo ilé náà ní Ọjà-Ọ̀dàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òórùn ọ́ìlì àtijọ́ tó ti gbẹ mọ́lẹ̀. Lábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́yìnkùlé ni ọkọ̀ náà wà: kékeré, ó sún mọ́lẹ̀, kò ní òrùlé, ìjókòó méjì péré, adìẹ kan sì ń sàba lórí ọ̀kan. Láti kékeré ni mo ti ń wá irú rẹ̀, láti ìgbà tí mo sì ti ń ṣe àgùnbánirọ̀ ni mo ti ń tọ́jú owó nítorí rẹ̀.

Àwọn aládùúgbò ní ọkọ̀ Faransé ni, pé Kútọnu ló ti wá. Ìwọ náà mọ̀ mí: bí wọ́n bá sọ fún mi pé òjò ń rọ̀, mà á kọ́kọ́ na ọwọ́ síta. Sítíárì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, bíi ti àwọn ọkọ̀ tí wọ́n kó wọlé kí Nàìjíríà tó yí wíwakọ̀ padà láti apá òsì ọ̀nà sí apá ọ̀tún, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó. Mo mú sípánà wá. Ti mìlímítà ń yọ̀ lórí àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ti ínṣì dì wọ́n mú ṣinṣin. Mo fi kẹrosíìnì nu irin pẹlẹbẹ kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, orúkọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan sì jáde, pẹ̀lú nọ́ńbà tó bá ti ẹnjìnnì mu. Ọkọ̀ asáré àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, pẹ̀lú ẹnjìnnì tí wọ́n bí mọ́ ọn.

Síbẹ̀ n kò tíì ná an. Mo ní ó ku àyẹ̀wò kan, mo sì mú ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé dání láti Ìlaròó, kó bá mi gbé jáàkì.

Opó méjì ló ni ọkọ̀ náà, ìyálé àti ìyàwó. Wọ́n ń gé pàkí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kò tilẹ̀ wo ẹnjìnnì. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin Màmá, ìjókòó kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Ta ló máa ń jókòó síbẹ̀?”

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. “Èmi ni o! Ìyàwó tuntun ni mí nígbà yẹn.”

“Ẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀,” ni ìyálé wí. “Òun àti Bàbá á lọ sí Ìlaròó bí ọba, èmi á wà láàárín ẹrù nínú bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí mo kọ̀ tí n kò dáná mọ́ ni Bàbá gbé e wọ abẹ́ àtíbàbà.”

“Ẹ má tíì jà o,” ni ọ̀rẹ́ mi wí. “Tí ẹ bá tà á fún mi, ìyálé ni yóò kọ́kọ́ gùn ún.”

Kí n tó nu ọwọ́ mi tán, wọ́n ti ń ná an. Ìyálé kọjú sí mi. “Ìwọ tí o ń wọ abẹ́ rẹ̀ látọjọ́ yìí ńkọ́?”

“Mo ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò ni, Màmá.”

“Ó dáa. Máa yẹ̀ ẹ́ wò.”

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò títí. Ọ̀rẹ́ mi kò jalè. Ojú mi ló ṣe é, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo fẹ́ rà á. Gbogbo rẹ̀ ló tọ́, kò sì mú owú náà kúrò. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ra ọkọ̀ náà tán, tó ń tún un ṣe, èmi ló máa ń pè. Mà á ṣàlàyé kábúrétọ̀ fún un dáadáa, mà á sì máa retí kí ó ní gíà ti kọ̀.

Gíà kò kọ̀. Ọjọ́ tó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, mo wà níbẹ̀. Ìyálé wé gèlè, ó wọlé jókòó, wọ́n gba ọ̀nà Ẹ̀gùá lọ, wọ́n padà. Nígbà tó bọ́ sílẹ̀, kò lọ bá ìyàwó. Ọ̀dọ̀ mi ló wá. Ó wo ojú mi dáadáa.

“Kò dùn rárá,” ló wí. “Ó ń gbọn èèyàn ni. Èéfín ló pọ̀.”

Ọ̀rẹ́ mi ní ó kàn mí. Mo wọlé. Afẹ́fẹ́ gba orí mi kọjá, ìró ẹnjìnnì ń gba ìjókòó wọ egungun ẹ̀yìn mi, àwọn igi tíìkì ń sáré kọjá lápá méjèèjì. Ó dùn. Ó dùn débi tó fi ń dun mí.

Ọkọ̀ náà kò gbọn, kò sì rú èéfín. Irọ́ ni Màmá pa. Ìjókòó tó ti ń jowú rẹ̀ láti ìgbà èwe, ó jókòó sí i níkẹyìn, ó gbádùn rẹ̀, ó sì gbé ayọ̀ náà pamọ́ nígbà tó rí ojú mi. Ọ̀rẹ́ mi ló ni ọkọ̀ náà títí di òní, mo sì ń jowú rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún mi nípa ọkọ̀ yẹn, irọ́ Màmá nìkan ni n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí.